Kí ló dé tí awò ojú tí mo rà lọ́wọ́ alákirì kò ràn mí?

Ìbéèrè: Aṣọ ni mò ń rán ní Adó-Èkìtì. Lẹ́tà máa ń ní òjìji lójú mi, ì báà sún mọ́ mi, ì báà jìnnà. Bílẹ̀ bá ṣú, iná ọ̀kadà á ya yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí ìràwọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé astigmatism ni. Àrùn wo nìyẹn?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àrùn, bí ẹyinjú ṣe rí ni. Ẹ mú òkèlè iyán tó rí rìbìtì, kí ẹ fi ìka méjì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó máa gùn lápá kan. Bẹ́ẹ̀ ni awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú yín ṣe rí. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó pàdé síbi kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú kò wá pàdé síbi kan mọ́, ni gbogbo nǹkan fi ń ṣe bàìbàì.

Ìbéèrè: Awò tí mo rà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bákan náà ni agbára awò ọjà ṣe rí yíká-yíká. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ojú yín ti nílò àfikún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọn ọ̀nà náà, láti ìwọ̀n (degree) 1 dé 180. Ẹ wo ìwé tí wọ́n bá fún yín lẹ́yìn àyẹ̀wò: CYL ni iye àfikún náà, AXIS ni ọ̀nà rẹ̀. Bí dígí bá yí díẹ̀ nínú férémù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní awò, ẹ má yá a lò. George Airy, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wọn ojú òsì ara rẹ̀ ní nǹkan bí 1825, tó sì ní kí wọ́n ṣe irú dígí yìí fún òun.

Ìbéèrè: Ṣé ríránṣọ nínú òkùnkùn ló fà á?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ jẹ́ kí NEPA sinmi. Wọ́n bí ọ̀pọ̀ mọ́ ọn ni. Ọgbẹ́ ojú lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran tó máa ń hù wọ ẹyinjú àwọn tó ń pẹ́ nínú oòrùn àti eruku oko. Ṣùgbọ́n ẹ yé fi ọwọ́ ra ojú kíkankíkan.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa ń ṣẹ́jú kó tó lè ka pátákó.

Ìdáhùn: Ẹ tètè gbé e lọ. Ìgbà èwe ni ọpọlọ ń kọ́ ìríran. Bí ohun tó ń rí bá ń ṣe bàìbàì títí, ojú náà lè di ọ̀lẹ, awò tó bá pẹ́ dé kò ní lè tún un ṣe tán. Olùkọ́ á sì ti pè é ní olódo! Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ̀ka ojú ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá sọ pé oògùn ìkánsójú máa tò ó, ẹ má fún un lówó.