Oríkunkun àti ìjùdí: ẹ yéé pè é ní "ìdarí-abẹ́"

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ understeer, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọkọ̀ tí kò fẹ́ yà nínú kọ́nà, di "ìdarí-abẹ́" ló kó wa sí wàhálà. Ó rí under, ó kọ abẹ́. Ó rí steer, ó kọ ìdarí. Ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ mẹkáníìkì kan wò: jáàkì ni yóò kọ́kọ́ gbé, yóò sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yẹ táì rọ́ọ̀dù, irin tó ń ti táyà yà, wò. Kò jẹ̀bi, ohun tí a sọ fún un nìyẹn. Oversteer tí wọ́n wá pè ní "ìdarí-òkè" tún burú jù ú lọ, torí kò sí ohun kan lókè ọkọ̀ tó ń darí ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ méjì tí mo dúró lé rèé: oríkunkun fún understeer, ìjùdí fún oversteer. Ọkọ̀ tó ń ṣe oríkunkun ni èyí tí a yí sítíárìn rẹ̀ sí kọ́nà tí orí rẹ̀ kọ̀, tó fẹ́ máa lọ tààrà. Èyí tó ń jùdí, orí rẹ̀ wọ kọ́nà, ìdí rẹ̀ ni kò gbà láti tẹ̀lé e. Ìdí á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, bí a kò bá sì tètè mú un, á ṣíwájú orí.

Wọ́n ti ta kò mí lórí méjèèjì. Wọ́n ní oríkunkun jẹ́ ìwà ènìyàn, irin kò sì níwà. Irin tí kò níwà yìí kan náà la ń pe iwájú rẹ̀ ní imú, apá tí ẹ́ńjìnnì tírélà wà la sì ń pè ní orí tírélà. Bí tírélà bá lórí, kí ló dé tí orí náà kò fi lè kunkun? Wọ́n tún ní ìjùdí jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú agbo ijó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ ilẹ̀ kò ní wá ọ̀rọ̀ mìíràn kiri.

Ẹgbẹ́ kejì gbọ́n díẹ̀ ju àwọn alábẹ́ lọ. Wọ́n mọ̀ pé under inú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe abẹ́, àìtó ni. Over kì í sì í ṣe òkè, àṣejù ni. Ni wọ́n bá gbé "àìdaríto" àti "ìdaríjù" dé. Ẹ pe èkejì yẹn kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó rí i pé ìdáríjì ló ń fẹ́ jáde lẹ́nu yín, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdáríjì kankan nínú ohun tí ọkọ̀ ń ṣe lásìkò náà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ṣá. Àléébù ọ̀rọ̀ náà gan-an ni pé ó di ẹ̀bi ru awakọ̀. Ìdaríjù ń sọ pé ẹni tó di sítíárìn mú ló yí i jù. Irọ́ ni. Awakọ̀ lè mú sítíárìn dúró gbọnin lójú kan kí ọkọ̀ ṣì máa jùdí. Ọkọ̀ ló ń yí ju bí a ṣe ní kó yí lọ.

Àwọn tó ń kọ "ọ́ńdásítíà" àti "ófásítíà" kò tilẹ̀ gbìyànjú. N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò ṣọ̀tá: táyà, bíréèkì, sitabiláísà, ta ló fẹ́ túmọ̀ wọn? Ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tó dé tòun ti orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ náà lọ. Ṣùgbọ́n oríkunkun kì í ṣe páàtì tí à ń rà. Ìṣesí ni, ìṣesí náà sì ti lórúkọ lẹ́nu wa kí mọ́tò tó dé. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí fúnra wọn kò dàgbà: ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹnjiníà, nígbà tí Maurice Olley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Motors ń wádìí ohun tó ń mú ọkọ̀ ṣe báyìí ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kọ́nà. Àwọn náà jókòó, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Kí ló wá dé tí tiwa fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àdàkọ?

Àwọn tó ń sọ pé "ìyọ̀ iwájú" àti "ìyọ̀ ẹ̀yìn" nìkan ni mo lè jókòó bá jiyàn. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání, kò kàn péye ni. Rọ́bà ni táyà. Bí a bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ojú tó fi tẹ ilẹ̀ á lọ́ díẹ̀, ibi tí táyà kọjú sí àti ibi tó ń lọ gan-an á sì yàtọ̀. Igun àárín méjèèjì ni mo ń pè ní igun ìyapa. Ó wà níbẹ̀ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, lórí ọ̀dà gbígbẹ, láìsí pé ohunkóhun yọ̀. Bí igun ìyapa táyà iwájú bá ju ti ẹ̀yìn lọ, oríkunkun ni. Bí ti ẹ̀yìn bá ju ti iwájú lọ, ìjùdí ni. Bí igun náà ti ń pọ̀ sí i ni táyà ń di ilẹ̀ mú sí i, títí dé nǹkan bí dígírì 6 sí 10 fún ọ̀pọ̀ táyà ojú títì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìyọ̀ wá jẹ́ orúkọ ìpele ìkẹyìn nìkan. Ọmọ ti máa ń ṣe oríkunkun tipẹ́ kó tó sá nílé.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yé yín kíákíá, ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì tó gbé pákó gígùn kan lé èjìká, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí wọ́n ń sáré yí igun ilé. Bí ẹsẹ̀ ẹni iwájú kò bá rí ilẹ̀ mú, kò ní lè yà. Pákó á kọjá igun ilé ní tààrà, ẹni ẹ̀yìn á sì máa tì í lọ. Oríkunkun nìyẹn. Bí ẹni iwájú bá yà dáadáa àmọ́ tí ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn já, ìdí pákó á fẹ̀ síta, pákó á dábùú ọ̀nà, ẹni iwájú á sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Ìjùdí nìyẹn. Apá tí ẹrù bá pọ̀ sí lára pákó náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ilẹ̀.

Àwọn kan á fẹ́ kí n ya ìjùdí tí títẹ asẹlẹrétọ̀ fà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí gbígbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ fà. Ìdí kan náà ló ń jù.

Ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà sábà máa ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ síwájú. Táyà iwájú náà ló ń yà, òun náà ló ń fà. Kò yani lẹ́nu pé olóríkunkun ni láti ilé iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí ẹ̀rù bà á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí asẹlẹrétọ̀, ìwúwo á bọ́ síwájú, orí á sì gbọ́ràn. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Porsche 911 àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn pátápátá, ìdí ló ń bá pàdé. Ìyẹn ló mú kí ilé iṣẹ́ náà sún táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn nínú ti ọdún 1969: àlàfo àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kúrò ní mìlímítà 2211, ó di 2268. Afẹ́fẹ́ táyà ni Chevrolet gbára lé ní tiwọn nínú Corvair àkọ́kọ́, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà wà lẹ́yìn: géèjì 15 níwájú, géèjì 26 lẹ́yìn, kí orí lè kunkun díẹ̀ kí ìdí má baà jù. Ẹni tó bá fi afẹ́fẹ́ kan náà sí iwájú àti ẹ̀yìn ti da oògùn náà nù láìmọ̀.

Bí ẹ bá ń tún ọkọ̀ kọ́, ẹ má fi ojú inú sọ èyí tó ń ṣe é. Ẹ wá pápá tí kò sí ènìyàn, tí ilẹ̀ rẹ̀ dọ́gba tó sì gbẹ, kí ẹ fa òbìrípo tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Ẹ pa kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ òkè sítíárìn. Ẹ yí òbìrípo náà ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, kí ẹ wo ibi tí téèpù wà, kí ẹ sì máa fi márùn-ún kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ máa yí sítíárìn sí i kí ẹ tó lè dúró lórí ìlà, oríkunkun ni. Bí ẹ bá ní láti máa dá a padà, ìjùdí ni. Ní kìlómítà 55, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú títì á ti fẹ́ dé òpin agbára táyà rẹ̀, kò sídìí láti sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí kò náni lówó. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà ṣì gbóná, kété tí ẹ bá dúró. Fún oríkunkun, ẹ fi géèjì 2 kún iwájú tàbí kí ẹ yọ 2 kúrò lẹ́yìn, kí ẹ tún òbìrípo náà yí. Ẹ fi ẹfun kun èjìká táyà: bí ẹfun bá pa rẹ́ kọjá èjìká lọ sí ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ ti kéré jù, táyà ti ń wó lé ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni alígínmẹ̀ńtì. Kámbà, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú, sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdajì dígírì sí dígírì kan níwájú ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó tó dígírì 2, oríkunkun á rọlẹ̀ gan-an, torí nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nínú kọ́nà ni táyà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbogbo ojú rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Kí imú táyà iwájú méjèèjì ya síta ní mìlímítà 1 sí 2 á mú kí orí tètè yà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é jù, inú táyà á jẹ tán kíákíá. Ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjú sínú díẹ̀. Bí imú táyà ẹ̀yìn bá ya síta, ẹ ti pe ìjùdí wá sílé.

Sitabiláísà, ọ̀pá irin tó so táyà òsì pọ̀ mọ́ ti ọ̀tún kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ jù nínú kọ́nà, ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹni lọ́kàn jẹ́, torí wọ́n rò pé ìyàtọ̀ kékeré ni ìyàtọ̀ kékeré. Líle ọ̀pá tí kò ní ihò nínú ń tẹ̀lé ìwọ̀n ìbú rẹ̀ tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ọ̀nà mẹ́rin. Láti mìlímítà 20 sí 22, líle rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Èyí tó nípọn níwájú ń fi kún oríkunkun, torí ó ń kó ẹrù jọ sórí táyà ìta nìkan, táyà kì í sì í fi bí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ tó di ilẹ̀ mú. Ti ẹ̀yìn ni kí ẹ fi kún, kó má sì pọ̀ jù. Ohun tó dùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè di ìjùdí ní ọjọ́ òjò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù: ẹnìkan gé sípíríǹgì, ọkọ̀ wálẹ̀ ju mìlímítà 40 lọ, oríkunkun dé, ó wá ra sitabiláísà iwájú tó nípọn sí i. Ó fi epo sí iná. Bí ọkọ̀ ṣe wálẹ̀ ni apá ìsàlẹ̀ tó di táyà mú ti tẹ̀ sókè lápá táyà, ara ọkọ̀ wá ń fẹ́ tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Táì rọ́ọ̀dù náà ti dagun, táyà wá ń yà fúnra rẹ̀ bí ó bá já sí kòtò. Bọ́lì jọ́ìntì, oríkèé tó so apá náà mọ́ ìdí táyà, tí ọrùn rẹ̀ gùn ni yóò dá apá náà padà sí ibi tó yẹ, tàbí kí ọkọ̀ gòkè padà.

Nídìí sítíárìn, ẹni tí orí kọ̀ fún sábà máa ń yí sítíárìn sí i. Táyà tó ti kọjá òpin igun ìyapa rẹ̀ kò fẹ́ kí a tún fi kún un. Ẹ dá sítíárìn padà díẹ̀, kí ẹ dín ẹsẹ̀ kù lórí asẹlẹrétọ̀, kí ẹ dúró kí táyà dì mú. Fún ìjùdí, ojú yín ni kó kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ yí sítíárìn sí ìhà tí ìdí ń gbà jáde, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì. Bí ìdí bá ti ń padà bọ̀, ẹ tètè tú sítíárìn. Ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀, ìdí á jù sí òdìkejì, agbára rẹ̀ á sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kọ̀ǹpútà tí mo ní kí ẹ pa, èyí tí Bosch àti Mercedes-Benz gbé jáde lọ́dún 1995, ń ṣe èyí fún wa. Ó ń fi bí sítíárìn ṣe yí wé bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Bí orí bá kọ̀, táyà ẹ̀yìn ti inú ló ń tẹ bíréèkì fún. Bí ìdí bá jù, táyà iwájú ti ìta. Kò béèrè ohun tó wà lábẹ́, kò béèrè ohun tó wà lókè.

Ẹ yí òbìrípo náà sọ́tùn-ún, kí ẹ yí i sósì, lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì ṣe àtúnṣe méjì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ti ń ṣe oríkunkun, ẹ fi sitabiláísà sílẹ̀: bọ́ṣì kan, ìyẹn rọ́bà àárín irin méjì, ti kú, tàbí kámbà apá kan yàtọ̀ sí ti èkejì.