Mẹ́jọ Méjì Kì Í Gbé Yàrá Kan

Ẹni tó bá ti ta blackjack rí, ìyẹn tẹ́tẹ́ oníkáàdì ti kasínò, mọ̀ pé 21 ni à ń lé, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ ti jó. Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni ìgbà tí káàdì méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìbejì. Òfin gbà kí èèyàn yà wọ́n, kó fi irú owó tó kọ́kọ́ fi lélẹ̀ sídìí ìkejì, kó máa ta ọwọ́ méjì.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé torí èrè nìkan ni wọ́n ṣe ń yà á. Irọ́ ni. Wo 8 méjì. Pa wọ́n pọ̀, ó di 16, iye tó burú jù lórí tábìlì: ó kéré láti dúró lé, gbígbà kún un sì léwu. Bíi tọkọtaya tí kálukú wọn níwà, àmọ́ tí wọn ò lè gbé yàrá kan. Kí wọ́n pínyà. Owó ilé á di méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo ò ní máa fọ́ lóru mọ́.

Kódà bí ẹni tó ń pín káàdì, tí à ń bá díje, bá ṣí 10 síta nínú káàdì tirẹ̀, yíyà náà ni. Ní kasínò Amẹ́ríkà, ẹni tó fi $100 lélẹ̀ tó gba káàdì kún 16 yẹn máa ń pàdánù bíi $54 ní ìpíndọ́gba. Ẹni tó yà á, bíi $48, pẹ̀lú $200 lórí tábìlì. Òfò ṣì ni, ó kàn dín kù ni.

10 méjì ńkọ́? Ilé aláàfíà nìyẹn, 20 ni. Kí lèèyàn ń wá tó fi fẹ́ tú u ká? 5 méjì náà, 10 tó dáa ni wọ́n jọ jẹ́.

9 méjì ló gba ọgbọ́n. Bí ẹni tó ń pín bá ṣí 8, yà á. Bó bá ṣí 7, fi í sílẹ̀. Káàdì 16 nínú 52 ló ń jẹ́ 10 (J, Q àti K náà, 10 ni), nítorí náà 17 ló ṣeé ṣe jù kó ní, òfin sì ní kó dúró níbẹ̀. 18 tìrẹ ti jẹ ẹ́.

Ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin, Baldwin, Cantey, Maisel àti McDermott, ló fi ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ṣe irú ìṣirò yìí, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956.

Ace méjì, ìgbà gbogbo ni kí o yà á. Àmọ́ kasínò gbọ́n: káàdì kan péré ni wọ́n sábà máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí 10 bá sì bọ́ sórí rẹ̀, 21 lásán ni wọ́n kà á sí, wọn ò ní san owó blackjack, ìyẹn èrè àlékún tó wà fún Ace àti 10 tó bá jẹ́ káàdì méjì àkọ́kọ́.