Bí ọmọ bá wọ SS1 tí ìwé sì sú u

Oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń wọlé fún ọdún tuntun. Tó bá fi máa di oṣù Kọkànlá, àwọn òbí ọmọ SS1 á ti máa wá bá olùdámọ̀ràn ilé-ìwé: "Ọmọ tó ń ṣe dáadáa ní JSS3 ni o. Kò fẹ́ fọwọ́ kan ìwé mọ́, fóònù ló ń tẹ̀ ṣáá." Wọ́n á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, tàbí pé ó ti kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé iṣẹ́ ti yí padà mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

Basic Science tó ṣe ní JSS ti pín sí mẹ́ta: Físíìsì, Kẹ́místìrì àti Bàọ́lọ́jì. Olùkọ́ mẹ́ta, ìwé mẹ́ta. Àwọn ilé-ìwé kan á tún fi Further Maths lé e. Kí ọmọ há nóòtì sórí ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìdánwò lè gbé e dé ipò kẹta ní JSS2. Físíìsì kò gba irú ẹ̀. Ó fìdí rẹmi nínú tẹ́ẹ̀sì kìíní, ó tún fìdí rẹmi nínú èkejì, ló bá gbà pé òun ò lọ́pọlọ. Ẹni tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, ìwàásù kankan ò lè mú un jókòó ti ìwé. Ìgbà tó bá yanjú nǹkan tó le fúnra rẹ̀ ni ara rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwúrí sílẹ̀ ná, kí ẹ wá ibi tí iṣẹ́ náà ti já.

Fún ọmọ sáyẹ́ǹsì, inú ìṣirò JSS ló sábà máa ń já sí. Ẹ kọ fọ́múlà Físíìsì yìí, v = u + at, sórí bébà (at ni a lọ́nà t). Ẹ ní v jẹ́ 20, u jẹ́ 5, a jẹ́ 3. Kó wá t. Bó bá yọ 5 kúrò nínú 20, tó fi 3 pín 15, tó gba 5, kò séwu. Bó bá kọ́kọ́ ro 5 pọ̀ mọ́ 3 tó wá fi 8 pín 20, ẹ ti rí i nìyẹn. Olùkọ́ Físíìsì ò ní padà sẹ́yìn kọ́ ọ. Ó gbà pé wọ́n ti kọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ìdá, rátíò, nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, àti yíyí fọ́múlà padà: ẹ yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ìsinmi, ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n fi gbogbo ìsinmi kó sí ẹ̀kọ́ àfikún, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ilé-ìwé tó wọlé.

Ti ọmọ áàtì kò pọ̀: kó máa ka ojú ìwé mẹ́wàá lálẹ́, kó pa ìwé dé, kó fẹnu sọ ohun tó kà.

Ọ̀ràn yíyan ẹ̀ka wà ńbẹ̀ náà. Bàbá fẹ́ dókítà, ọmọ fẹ́ Government, sáyẹ́ǹsì ni wọ́n wá fi sí. Àwọn mìíràn ń sá fún ìṣirò, wọ́n sá lọ sí kọmáṣà, láìmọ̀ pé yunifásítì ń béèrè kírẹ́dììtì ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Economics tàbí Accounting. Ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB ni kí ẹ jọ ṣí, ẹ̀yin àti ọmọ, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ mẹ́ta tó wù ú. Bó bá jẹ́ pé ó máa yí ẹ̀ka padà, sáà kìíní SS1 ló rọrùn jù, nítorí nóòtì tó máa kó kò tíì pọ̀.

Oorun ńkọ́? Ọmọ tó ń sùn ní aago kan òru jálẹ̀ ìsinmi ò lè déédéé máa jí ní aago márùn-ún ààbọ̀. Jíjí ni kí ẹ kọ́kọ́ yí: lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìwọlé, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jí ṣáájú ti àná. Oorun alẹ́ á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, bí fóònù ò bá sí lórí ibùsùn.

Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, ẹ má jẹ́ kó lẹ táímù-tébù wákàtí mẹ́rin mọ́ ògiri. Kì í kọjá ọjọ́ kẹta. Ẹ̀kọ́ méjì péré lójúmọ́, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó pa nóòtì dé, kó kọ ohun tó rántí, kó tó ṣí i wo ohun tó fò. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ràn èyí rárá, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ìlà ò mú nǹkan dúró lórí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yín náà ṣe pàtàkì. "Báwo ni ilé-ìwé?" "Ó dáa, mà." Ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Èwo ni kò yé ọ lónìí? Mú un wá kí n rí i," ọmọ á mú ìwé wá, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin náà ò mọ Kẹ́místìrì. Ẹ má sì ṣèlérí fóònù tuntun fún ipò kìíní. Ipò wà lọ́wọ́ ogójì ọmọ mìíràn. Ohun tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ ni kí ẹ yìn: tẹ́ẹ̀sì tó tún ṣe, ìbéèrè tó bi olùkọ́.

Bí gbogbo èyí kò bá sì mú un, ẹ wo ibòmíràn. Ṣé ó ń rí pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì? Ṣé àwọn àgbà hósítẹ́ẹ̀lì ń lù ú? Ṣé ọmọbìnrin ni, tó ń pa ilé-ìwé jẹ nígbà nǹkan oṣù nítorí pé omi ò sí ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Bí oúnjẹ, oorun àti ọ̀rẹ́ bá jọ sú u ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé náà sì gbọ́. Bó bá wá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ kankan: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.