Wákàtí mélòó? Bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe ń kà fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn

Ní Èkìtì, ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé díẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ni wọ́n á ti máa pè ní dókítà kó tó jáde girama. Máàkì mélòó, ilé ẹ̀kọ́ wo, owó ńkọ́: ìbéèrè tí àwọn òbí mọ̀ látẹ̀yìnwá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti ní ẹnì kan ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà báyìí, àwọn yẹn ló sì ń pe sílé pé kí ọmọ tètè wá ibi tí yóò ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́hùn-ún ń béèrè rẹ̀. Wákàtí mélòó ló wá tó? Ibi tí ọmọ fẹ́ gbà wọlé ló máa sọ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n mú òfin ibì kan lọ sí ibòmíràn.

Ní Nàìjíríà, kò sí wákàtí kankan tí wọ́n ń béèrè. Ohun tó ń gbé ọmọ wọ ẹ̀ka ìṣègùn ni kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì, pẹ̀lú máàkì UTME tí òkè rẹ̀ jẹ́ 400, àti àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, ló ń pín iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà fún un. Ìdí nìyẹn tí máàkì tó gbé ọmọ wọ ẹ̀ka mìíràn fi lè já a kulẹ̀ nínú ìṣègùn. Yálà yunifásítì EKSU ni tàbí ABUAD, tí àwọn méjèèjì wà ní Adó, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Nítorí náà, ọmọ tí kẹ́místírì ṣì ń dà láàmú, tó sì jẹ́ pé Nàìjíríà ló ti fẹ́ kàwé, ìwé ló yẹ kó fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ kà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan òbí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ máa dí àlàfo máàkì.

Ìlú Ọba yàtọ̀. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ ìṣègùn níbẹ̀ láì kọ́kọ́ gboyè mìíràn, bó bá ti ṣe A-level tàbí ohun tó bá a dọ́gba. WAEC nìkan kì í tó. Ọ̀dọ̀ UCAS, àjọ tó ń gba ìwé ìwọlé yunifásítì níbẹ̀, ni wọ́n ń gbà kọ̀wé wọlé, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni ìlẹ̀kùn ìṣègùn ń tì, yunifásítì mẹ́rin péré lèèyàn sì lè mú fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń béèrè ìdánwò UCAT. Ní ti iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ìtọ́sọ́nà Medical Schools Council, ẹgbẹ́ tó kó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀ pọ̀, kò gbé iye wákàtí kan kalẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ń wá ni ohun tí ọmọ rí kọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó dára, ilé àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara dára, àní iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, tó ń jẹ́ kí ọmọ máa bá oríṣiríṣi èèyàn pàdé, náà wúlò. Kò di dandan kó jẹ́ ọsibítù. Ẹni tó bá sì ń lọ láti ilẹ̀ òkèèrè ní láti mọ̀ pé àyè tirẹ̀ kéré gan-an: ní England, nǹkan bí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ òkèèrè.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ wákàtí ti gbóná jù. Ọmọ ní láti kọ́kọ́ kàwé gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, kó ṣe ìdánwò MCAT tí máàkì rẹ̀ ń lọ láti 472 dé 528, kó tó ronú kan ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ni kì í gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè rárá. Nínú fọ́ọ̀mù AMCAS tí wọ́n fi ń kọ̀wé wọlé, àyè 15 ló wà fún iṣẹ́ àti ìrírí. Ọmọ á kọ wákàtí tó lò nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kọ ẹni tó lè jẹ́rìí sí i, á sì ṣàlàyé tí kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 700 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ó lè yan mẹ́ta pé àwọn ló nítumọ̀ jù fún òun, kí wọ́n sì fún un ní lẹ́tà 1,325 sí i lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù yẹn ya iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nídìí ìtọ́jú aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mìíràn láàárín ìlú, ó sì tún ya kí èèyàn kàn tẹ̀ lé dókítà láti wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló kọ iye wákàtí tiwọn sílẹ̀. Rush Medical College ní Chicago jẹ́ ọ̀kan: ó kéré tán, 150 fún iṣẹ́ ìlú, 150 mìíràn nídìí ìlera. Níbi yòókù, àwọn olùdámọ̀ràn sábà máa ń dárúkọ 100 lọ sókè, àmọ̀ràn lásán sì ni.

Iye yẹn kò le bó ṣe ń dún létí. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀, fún àádọ́ta ọ̀sẹ̀, ọgọ́rùn-ún ni. Wákàtí mẹ́rin ní àràárọ̀ Sátidé fún oṣù mẹ́fà á tilẹ̀ lé díẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé ìwọlé tún máa ń wo ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì. Àbúrò bàbá ọ̀kan bá a wá àyè sí ọsibítù ńlá, ó lo ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ kan, ogójì lọ́sẹ̀ kejì, ó bá tirẹ̀ lọ. Èkejì ń lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún wákàtí méjì, ọdún kan gbáko. Wákàtí wọn kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n èkejì mọ aboyún tó wá gba káàdì nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù mẹ́rin, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin yẹn gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún ìyá tó ń bínú pé òun ti pẹ́ jù lórí ìlà. Ó ti rí ọjọ́ tí àwọn èèyàn wá tí oògùn kò sí.

Ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì máa ń hàn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlú Ọba, Kánádà àti Amẹ́ríkà ló ń lo irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì McMaster ní Kánádà, níbi tí ọmọ á ti máa bọ́ láti ọ̀dọ̀ olùbéèrè kan sí òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè ní kó sọ ìgbà kan tó rí i pé aláìsàn àti òṣìṣẹ́ kò gbọ́ra wọn yé, àti ohun tí òun ṣe. “Mo fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́” kì í tó síbẹ̀, torí gbogbo wọn ló ń wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí nǹkan lójú ara rẹ̀ á ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Èkìtì sì kún fún ibi tí ọmọ ti lè rí nǹkan. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni èrò ti ń pọ̀ jù tí ọwọ́ sì ń dín. Ọmọ lè bá wọn to ìlà, wá káàdì jáde, kọ orúkọ, di ọmọ mú lórí ìwọ̀n. Bó bá fetí sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi mọ̀ pé ti BCG ni wọ́n ń gbà ní kété tí wọ́n bá bímọ, pé ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ni ìyá gbọ́dọ̀ padà wá, pé ti èéyì di oṣù kẹsàn-án. Á tún mọ ìdí tí àwọn ìyá kan kì í fi í padà wá: oko jìn, ọkọ̀ wọ́n, ara ọmọ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún wọn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí ọmọ Èkìtì lè ṣe ju ọ̀pọ̀ dókítà lọ. Dókítà àgùnbánirọ̀ lè ti ìlà oòrùn tàbí òkè ọya wá, kó má gbọ́ Yorùbá rárá. Kódà dókítà tó gbọ́ ti Ọ̀yọ́ lè má gbọ́ ohun tí ìyá àgbà láti Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n ń wí nípa inú tó ń run ún. Ọmọ tó bá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan fún èkejì láì fi tirẹ̀ kún un, ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn gan-an. Bí màmá bá ní òun ń lo àgbo pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe wí i, kò gbọ́dọ̀ fò ó nítorí pé ojú ń tì í fún màmá. Kò sí ohun tó dára tó èyí láti kọ sínú lẹ́tà 700 yẹn.

Àwọn arúgbó tún wà ní àdúgbò, tí gbogbo ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí òkè òkun. Ẹgbẹ́ inú ìjọ tàbí mọ́sálásí tó ń bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè gba ọmọ mọ́ra, kó máa sìn wọ́n lọ sí ọsibítù, kó máa bá wọn ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn. Ẹgbẹ́ Red Cross ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọmọ tó sì jẹ́ pé òun ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀ àgbà tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, tàbí tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà lọ́jà kí owó ilé ẹ̀kọ́ lè pé, kò gbọ́dọ̀ rò pé òun kò ní nǹkan kan láti kọ. Fọ́ọ̀mù AMCAS ní àyè fún iṣẹ́ owó, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìlú Ọba náà sì ń ka ìtọ́jú ará ilé sí ìrírí. Ìwà ìkà ni kí wọ́n máa dẹ́rù ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ọmọ olówó tó ráyè lo gbogbo ìsinmi rẹ̀ ní ọsibítù ti ṣáájú rẹ̀ jìnnà.

Ohun kan wà tó yẹ kí òbí fi ọwọ́ líle mú. Àwọn kémíìsì àti ilé ìwòsàn aládàáni kan máa ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, kí wọ́n kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ gígún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n wọ aṣọ funfun fún un. Ó lè dà bí ẹni pé àǹfààní ńlá ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ ní ìdí ọmọdé lè ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí ayé, abẹ́rẹ́ tó sì gún ọmọ tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ lè kó àrùn mẹ́dọ̀wú ti B ràn án. Ọmọ tó bá tún fi èyí yangàn níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ti kó bá ara rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé kò mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Olùyọ̀ǹda ara ẹni kì í gún abẹ́rẹ́, kì í fún èèyàn lóògùn, kì í ran ojú ọgbẹ́. Bí wọ́n bá ní kó ṣe é, kó ní òun kò tíì kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà le ní ìlú kéékèèké tí gbogbo wa ti mọ ilé ara wa. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí. Bí ọmọ bá rí ìyàwó olùkọ́ rẹ̀ lórí ìlà àwọn tó ń gba oògùn HIV, kò gbọ́dọ̀ délé sọ ọ́, kódà fún màmá rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò aláìsàn sórí Facebook tàbí WhatsApp láti fi hàn pé òun wà níbẹ̀.

Àsìkò tó wọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ni àárín ìgbà tí WAEC parí àti ìgbà tí yunifásítì bá wọlé, tó lè gùn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Fún hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, òbí lè mú ọmọ lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Ọsibítù ńlá bíi EKSUTH tàbí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó gba sùúrù sí i, torí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni lẹ́tà ń lọ, ìdáhùn sì lè pẹ́. Ó dára kí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú ti B kó tó bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní ni kó ti ní ìwé kan tó ń kọ déètì, wákàtí tó lò, iṣẹ́ tó ṣe, àti ohun kan tó yà á lẹ́nu tàbí tó kọ́ lọ́jọ́ náà, láì dárúkọ aláìsàn kankan. Kí ọ̀gá ibẹ̀ máa buwọ́ lù ú lóṣooṣù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun ṣírò ọdún kan lẹ́yìn tó ti kúrò á kàn máa méfò ni, ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n sì lè ti gba ìṣípòpadà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Kó tó fibẹ̀ sílẹ̀ ni kó gba lẹ́tà ẹ̀rí: orúkọ ibi iṣẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, àròpọ̀ wákàtí, ohun tó ń ṣe níbẹ̀, orúkọ àti ipò ẹni tó buwọ́ lù ú, nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, àti òǹtẹ̀.