Kí Connie Mack tó di baba àwọn olùdarí: ọmọ ilé iṣẹ́ bàtà ní East Brookfield

Ẹni tó bá ti rí àwòrán Connie Mack rí kò ní í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Arúgbó gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó wọ kóòtù, ó so táì, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ le gbagidi, ó jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó wọ jẹ́sì. Àádọ́ta ọdún gbáko, láti 1901 sí 1950, ló fi darí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Athletics ti Philadelphia. Kì í pariwo. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ àmì ayò ló máa ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, àwọn tó ń ṣọ́ ìpẹ̀kun pápá á sì sún síbi tó júwe fún wọn. Eré 3,731 ló borí lásìkò tó fi jẹ́ olùdarí. Olùdarí tí iye eré tó borí pọ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀, Tony La Russa, ní 2,884.

Arúgbó yìí ni gbogbo ayé mọ̀. Èmi rò pé ọ̀dọ́ tó ń rán bàtà ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1862 ni wọ́n bí i ní East Brookfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀, Michael McGillicuddy, wà lójú ogun pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Massachusetts nígbà tí ìyá rẹ̀, Mary McKillop, bí i. Ireland ni tọkọtaya náà ti ṣí wá. East Brookfield gan-an ò tíì dá dúró nígbà náà, abẹ́ Brookfield ló wà, ó sì di 1920 kó tó di ìlú tó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀.

Cornelius ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń pa pé nítorí kí orúkọ rẹ̀ lè gba inú àtẹ àmì ayò nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n ṣe gé McGillicuddy kúrú di Mack. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mack ni wọ́n sábà máa ń pe àwọn ará Ireland tí orúkọ ìdílé wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mc, Connie Mack sì ni wọ́n ti ń pe ọmọ yìí láti kékeré. Kò fìgbà kankan lọ yí orúkọ padà níwájú òfin. McGillicuddy ló ń jẹ́ títí tó fi kú ní 1956.

Iṣẹ́ òwú àti iṣẹ́ bàtà ni wọ́n fi ń jẹun lágbègbè yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Connie nígbà tó ti ń lo ọlidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ nílé iṣẹ́ òwú, kí owó díẹ̀ lè wọlé. Ara bàbá rẹ̀ kò le mọ́ lẹ́yìn tó tojú ogun dé. Ní ọmọ ọdún 14, Connie parí kíláàsì kẹjọ, ó fi ìwé sílẹ̀, ó sì bọ́ sílé iṣẹ́ bàtà kó lè gbọ́ bùkátà ilé. Tí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́, eré ló kù. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì kan, kò sì ní ẹran lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Slats, ìyẹn àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ nǹkan.

Ipò tó dì mú nínú ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró wò dáadáa. Òun ló ń hán bọ́ọ̀lù, ìyẹn ipò tí wọ́n ń pè ní catcher. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó ń ṣọ́ pápá, mẹ́jọ ló kọjú sí ẹni tó di igi mú láti gbá bọ́ọ̀lù. Ahánbọ́ọ̀lù nìkan ló wà lẹ́yìn ẹni náà, tó kọjú sí gbogbo pápá. Ó ń wo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ó ń wo àwọn tó ń ṣọ́ bèésì, ìyẹn àwọn ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá lọ, ó ń wo àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, ó sì ń rí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a, bóyá ó gbé e síwájú tàbí ó fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ á mọ ibi tó yẹ kí oníkálùkù dúró sí. Nígbà tí mo bá rí àwòrán arúgbó yẹn tó ń fi ìwé júwe fún àwọn ọmọ rẹ̀, ahánbọ́ọ̀lù East Brookfield ni mò ń rí.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ahánbọ́ọ̀lù ló máa ń dúró jìnnà sẹ́yìn, torí ìbọ̀wọ́ wọn kò nípọn rárá. Mack wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sún mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó di igi mú tímọ́tímọ́. Ó á máa bá a sọ̀rọ̀ kí ọkàn rẹ̀ má pa pọ̀. Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Òfin ìgbà yẹn ni pé bí bọ́ọ̀lù bá ha igi lára fẹ́ẹ́, tí ahánbọ́ọ̀lù sì hán an, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn, ì báà jẹ́ ìjù àkọ́kọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá wá kọjá tí kò kan igi rárá, Mack á dọ́gbọ́n ṣe ìró “tó” bí ẹni pé ó kàn án, rẹfirí á sì ní kí ẹni náà máa lọ. Ní 1891 ni wọ́n yí òfin náà padà, pé ó dìgbà tí ẹni náà bá ti ní sítráìkì méjì, ìyẹn ìjù méjì tí wọ́n kà sí i lọ́rùn pé kò gbá dáadáa, ó sì jọ pé ọgbọ́n Mack yìí ló fà á. N kò ní í pè é ní ìwà tó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi ìró lásán yí òfin eré padà ti mọ eré náà dénú eegun.

Ní 1883, ẹgbẹ́ East Brookfield gba ipò kìíní ní àárín gbùngbùn Massachusetts. Kódà Chicago White Stockings, ẹgbẹ́ ńlá tí Cap Anson ń darí, wá bá wọn gbá eré ọ̀rẹ́. Ẹ fojú inú wo àwọn aránbàtà tó dojú kọ àwọn tí wọ́n ń kà nípa wọn nínú ìwé ìròyìn! Will Hogan tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ìlú náà ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ eré gbà ní Meriden, ní Connecticut, òun ló sì dárúkọ Mack fún wọn níbẹ̀. Bí Mack ṣe fi iṣẹ́ bàtà sílẹ̀ ní 1884 nìyẹn, fún 90 dọ́là lóṣù.

Láti Meriden ó bọ́ sí Hartford, ní oṣù Kẹsàn-án 1886 ó sì dé Washington, nínú líìgì àgbà, ìyẹn líìgì tó ga jù lọ. Ó gbé Margaret Hogan níyàwó ní 1887. Ní 1890, àwọn agbábọ́ọ̀lù dá líìgì tiwọn sílẹ̀, Mack lọ sí Buffalo, ó sì fi gbogbo 500 dọ́là tó tù jọ ra ìpín nínú ẹgbẹ́ náà. Sáà kan ṣoṣo ni líìgì yẹn lò. Owó wọgbó. Oṣù Kejìlá 1892, Margaret kú lẹ́yìn ìbí ọmọ kẹta, ó sì ku ọkọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìyá Mack ló bá a tọ́ wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lórí pápá, kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ahánbọ́ọ̀lù.

Pittsburgh tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ló sọ ọ́ di olùdarí ní 1894. Wọ́n yọ ọ́ ní 1896. Milwaukee, láti 1897 sí 1900, ló ti kọ́ṣẹ́ náà gan-an, torí pé olùdarí ìgbà yẹn kì í ṣe ẹni tó kàn ń yan àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Òun ló ń ra agbábọ́ọ̀lù, òun ló ń tà wọ́n, òun ló ń wá ọkọ̀ ojú irin àti ilé tí wọ́n máa sùn sí. Nígbà tí líìgì tí Milwaukee wà nínú rẹ̀ di American League, tó sì kéde ara rẹ̀ ní líìgì àgbà ní 1901, Mack gba Philadelphia lọ. Ó ti pé ọmọ ọdún 38, ìdá mẹ́rin kan nínú ẹgbẹ́ tuntun náà sì jẹ́ tirẹ̀. Kò wọ jẹ́sì wọ ibẹ̀. Kóòtù ló wọ̀.

Ní East Brookfield lónìí, pápá bésíbọ́ọ̀lù kan ń jẹ́ Connie Mack Field.