Kí nọ́ọ̀tì mọ́tò le gan-an kọ́ ló ń mú un dúró

Ẹni tó bá ń tún mọ́tò ara rẹ̀ ṣe, ì báà jẹ́ plọ́ọ̀gì ló ń pààrọ̀ tàbí fítà ọ́ìlì tàbí bíréèkì, ohun tó máa ń kó o láyà sókè tó bá kan dídè é padà ni pé kí nọ́ọ̀tì má lọ tú lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àṣejù. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lé e lọ ló burú: wọ́n á ki páìpù bọ orí sípánà kó lè gùn sí i, wọ́n á gun orí rẹ̀, wọ́n á sì dè é títí irin á fi ké. Wọ́n gbà pé bó bá ṣe le tó náà ló ṣe máa dúró tó. Irọ́ gbáà ni, ó sì ti ba ẹ́ńjìnnì tó ṣì dára jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Irin bóòtù máa ń nà bí a ṣe ń dè é. Bó ṣe ń nà kéré débi pé ojú ò lè rí i, àmọ́ ó ń nà, ó sì ń wá bó ṣe máa sún kì padà, bíi sípíríǹgì. Ìfàpadà yẹn ló ń fún irin méjèèjì pọ̀ tí wọn ò fi lè yẹ̀. Ibì kan wà tí irin ò gbọ́dọ̀ nà kọjá. Tó bá kọjá ibẹ̀, kò ní lè sún kì padà tán mọ́, ìfàpadà tó yẹ kó di nǹkan mú sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Nígbà míì, bóòtù yẹn á já sọ́wọ́ ẹni tó ń dè é. Èyí tí kò já lójú ẹsẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù jù, torí yóò dúró síbẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan, títí gbígbọ̀n mọ́tò á fi parí iṣẹ́ tí sípánà bẹ̀rẹ̀.

Ohun míì tó ń tan èèyàn jẹ ni ọwọ́. Nínú gbogbo agbára tí a fi ń yí sípánà, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń na bóòtù. Ìyókù ń bá ìfaragbúnra lọ, lábẹ́ orí bóòtù àti láàárín ojú ìlà rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó yí ara rẹ̀ ká. Nítorí náà, bóòtù tó ti dípẹtà lè le koko lọ́wọ́ rẹ nígbà tí kò tíì nà tó bó ṣe yẹ. Èyí tó ní ọ́ìlì lójú ìlà lè rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, kó sì ti nà kọjá ààlà. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú ìlà mọ́ kó o tó dè é, má sì fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì sí i àyàfi tí ìwé mọ́tò bá ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé mọ́tò máa ń sọ iye tó yẹ ká dè nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tó, ní Newton-mítà, tí wọ́n ń kọ ní Nm. Kéèyàn lè mọ bó ṣe tó: tó o bá gbé ẹrù kìlógíráàmù 10 kọ́ ìparí sípánà kan tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 100 Nm. Nọ́ọ̀tì táyà ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré kì í ju 80 sí 120 Nm lọ. Wàyí o, kí ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 gun orí irin tó gùn ní ìdajì mítà. Ó ti lé ní 340 Nm nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní tirẹ̀, ṣe ló kàn ń rí i dájú pé ó le.

Plọ́ọ̀gì ni àṣìṣe yìí ti ń ṣọṣẹ́ jù, torí irin ni òun, alumíníọ̀mù tó rọ̀ sì ni ibi tó ń wọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa kó o tó tú èyí tó ti gbó. Fi ọwọ́ yí tuntun wọlé, láìlo sípánà rárá, títí á fi jókòó. Tí kò bá wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó ti wọ́ nìyẹn. Yọ ọ́, kó o tún un bẹ̀rẹ̀. Tí plọ́ọ̀gì tuntun bá ní wáṣà, lẹ́yìn tó bá ti jókòó, ìdajì yíyí sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló kù fún sípánà láti ṣe. Èyí tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó tí kò ní wáṣà ò nílò ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún yíyí kan lọ. Ó kéré débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ò tíì ṣe nǹkan kan. Àdèjù lè fa ojú ìlà alumíníọ̀mù ya, iṣẹ́ tí ì bá parí kíákíá á sì wá di ká máa gbẹ́ ihò ká lè fi ojú ìlà tuntun sínú rẹ̀.

Fítà ọ́ìlì tí wọ́n ń yí mọ́ ẹ́ńjìnnì ò fẹ́ sípánà rárá nígbà tá a bá ń dè é. Kọ́kọ́ wò bóyá rọ́bà ti àtijọ́ ò lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, torí rọ́bà méjì léra wọn á jò dandan. Fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà lójú, yí i títí á fi kan ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà kó o fi ọwọ́ yí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí i. Tó bá ń jò lẹ́yìn èyí, má dè é sí i kó o tó wo ohun tó fà á.

Àwọn bóòtù kan tiẹ̀ wà tí wọ́n dìídì ṣe láti nà dé ààlà wọn. Orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní ni wọ́n wà. Ìwé á ní kó o dè wọ́n dé iye kan, lẹ́yìn náà kó o tún yí wọn ní dígírì 90, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, nígbà míì lẹ́ẹ̀mejì. Tí o bá ti tú irú wọn, tuntun ni kó o fi rọ́pò wọn, bó ti wù kí èyí tó o tú dára tó lójú.

Ní ti táyà, ọ̀nà tá a gbà ń dè é ṣe pàtàkì bíi bó ṣe le tó. Má dè wọ́n tẹ̀ léra wọn yípo. Máa kọjá sí òdìkejì, kó o sì dè é díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀kan bá le, tí òmíràn sì dẹ̀, dísìkì bíréèkì lè má jókòó déédéé, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìdarí fi lè máa gbọ̀n tó o bá tẹ bíréèkì.

Sípánà oníwọ̀n, èyí tó ń dún tó bá ti dé iye tó o yàn, yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, má ṣe já a gbà, kó o sì dáwọ́ dúró tó bá ti dún. Àwọn tó máa ń fà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá wọn lójú ti kọjá iye tí wọ́n yàn. Má fi tú nọ́ọ̀tì, kó o sì dá a padà sí iye tó kéré jù lójú rẹ̀ kó o tó kó o pa mọ́. Fún nọ́ọ̀tì táyà, tún fi sípánà yìí wò wọ́n lẹ́yìn tó o bá ti rìn bíi kìlómítà 50 sí 100, kí táyà ti tutù.