Àpò wo ni owó àtúnṣe pápákọ̀ òfurufú Èkó ti ń jáde?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712.26 náírà fún iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, Ìkẹjà. Iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló gba iṣẹ́ náà, oṣù 22 ni wọ́n sì dá fún un. Kíá ni ariwo ta. Àwọn kan ní owó náà ti pọ̀ jù, àwọn kan ní ilé ìwòsàn àti ọ̀nà ló yẹ kó ṣáájú, àwọn mìíràn sì ní ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ó nílò àtúnṣe. Gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n rí. Ìbéèrè tí ariwo náà ń bò mọ́lẹ̀ ni pé ta ni yóò san owó yìí, àpò wo ni yóò sì ti jáde, torí àpò tí owó bá ti wá ló ń sọ ẹni tó láṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọdún 1979 ni wọ́n ṣí Terminal 1, ilé èrò àtijọ́ tí iṣẹ́ náà dá lé lórí jù. Pápákọ̀ òfurufú Schiphol ní ìlú Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbó. Wáyà iná, páìpù omi, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ agbéniròkè àti bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù èrò jáde ni. Bí ọ̀kan bá kọṣẹ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tún kọṣẹ́. Ìdí nìyí tí mínísítà ètò ìrìnnà òfurufú, Festus Keyamo, fi ní wọn yóò tú ilé náà palẹ̀ títí yóò fi ku egungun rẹ̀ nìkan. Àdéhùn náà tún kan fífẹ àgbàlá tí bàálù ń dúró sí ní Terminal 2, ilé èrò tuntun tó wà níbẹ̀, àti ọ̀nà pẹ̀lú afárá tó wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi iye yìí wé owó tí orílẹ̀-èdè mìíràn fi kọ́ ilé èrò tuntun kan ṣoṣo kò wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba ló lè mú kí àfiwé náà tọ́, bí wọ́n bá gbé ìwé iye owó jáde fún aráàlú, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tirẹ̀.

Nínú àpò mẹ́ta tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń jáde tẹ́lẹ̀, àkọ́kọ́ ni ti FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú ìjọba àpapọ̀. Èrò kọ̀ọ̀kan ń san owó ìlò pápákọ̀, inú tíkẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí i. Bàálù ń san owó ìbalẹ̀ àti owó ìdúró, ìsọ̀ ń san owó ilé, ọkọ̀ ń san owó ẹnubodè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà wà nínú owó yìí. Kò sí níbẹ̀ rárá: àjọ NCAA tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú àti àwọn àjọ mìíràn bíi NAMA, tó ń darí bàálù lójú òfurufú, àti NiMet, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ló ń pín in. Ohun tó bá sì wọlé fún FAAN, Èkó àti Àbújá ló ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wá, òun náà ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà àwọn pápákọ̀ tí bàálù kì í fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sí. Ẹni tó ń bọ́ gbogbo ilé kì í rí owó ilé tuntun tù jọ.

Ẹ̀yáwó ni èkejì. Ní ọdún 2013, Nàìjíríà yá mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ́wọ́ báńkì Exim ti ilẹ̀ Ṣáínà fún àwọn ilé èrò tuntun, ti Èkó sì wà lára wọn. Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí Terminal 2. Ilé náà dára, ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlá rẹ̀ há, àwọn bàálù ńláńlá kò rí àyè yí níbẹ̀, ló bá di pé Terminal 1 tó ti gbó ló tún ń gba púpọ̀ nínú wọn. Èyí dùn mí púpọ̀, torí gbèsè kì í dúró de àgbàlá. Aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹnìkan ti béèrè ibi tí bàálù yóò dúró sí.

Ẹ̀kẹta ni kí oníṣòwò aládàáni fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, kó jèrè rẹ̀ fún iye ọdún kan, kó tó dá a padà fún ìjọba. Bí iléeṣẹ́ Bi-Courtney ṣe kọ́ MMA2 nìyẹn, ilé èrò abẹ́lé tó wà ní pápákọ̀ Èkó, tó ṣí ní ọdún 2007 lẹ́yìn tí ilé èrò abẹ́lé ti tẹ́lẹ̀ jóná ní ọdún 2000. Iye ọdún gan-an ló dá ìjà sílẹ̀: FAAN ní ọdún 12 ni, iléeṣẹ́ náà ní 36 ni. Ilé ẹjọ́ dá iléeṣẹ́ náà láre ní ọdún 2009, síbẹ̀ awuyewuye kò tán. Nígbà tí ìjọba tún fẹ́ gbé pápákọ̀ Àbújá àti Kánò fún aládàáni, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀, wọ́n ń bẹ̀rù iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì wọn. Keyamo dá ètò náà dúró ní ọdún 2023.

Owó ti ọdún 2025 kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Renewed Hope Infrastructure Development Fund, àkànṣe àpò tí ìjọba Tinubu dá sílẹ̀, ni wọ́n ní yóò ti jáde. Kò sí oníṣòwò tí yóò máa jèrè lórí rẹ̀. Àmọ́ owó gbogbo ìlú ni, àgbẹ̀ tí kò wọ bàálù rí náà ní ìpín níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti béèrè ìwé ju ti èrò lọ.

Òfin sì fún un ní ọ̀nà. Òfin ọdún 2007 lórí iṣẹ́ àgbàṣe ní kí BPP, àjọ tó ń bójú tó bí ìjọba ṣe ń gbé iṣẹ́ àgbàṣe jáde, yẹ iye owó wò kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ tó fọwọ́ sí i. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ìwé iye owó, ìwé ẹ̀rí BPP àti àdéhùn fúnra rẹ̀ ló tọ́ kí ènìyàn béèrè, pẹ̀lú ìlà kan sí i: àpò wo ni owó ìtọ́jú ọdọọdún yóò ti máa wá lẹ́yìn oṣù 22 yẹn, ṣé wọn yóò sì fi kún owó tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì?